Ta Ló Ń Fún Ẹni Tó Wà Láàárín Lóúnjẹ?

Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi tán, bàbá mi pè mí sí yàrá rẹ̀ ní àdúgbò wa, Ladjifarani, ó ní kí n jókòó, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí ìdáhùn sí.

Ó ní, "Nàfí, ìwọ lo wà pẹ̀lú ìyá mi jù lọ. Ilé ta ló ní kí a ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́ òun?"

Kí n tó dé yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Titirou, ní apá kejì ìlú, ẹni tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ti pè mí lórí fóònù. Ìbéèrè kan náà ni. "Má fi pamọ́ fún mi o. Ó sọ fún ẹ. Mo mọ̀ pé ó sọ fún ẹ."

Kò sọ fún mi.

Mọ́sálásí la ti ṣe ti ọjọ́ kẹjọ, nítorí òjò, àti nítorí pé kò sẹ́ni tó lágbára àríyànjiyàn lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ti ogójì ọjọ́ yàtọ̀. Ọjọ́ yẹn ni à ń se oúnjẹ fún tọmọdé tàgbà, inú ilé la sì ti ń se é. Ilé tí wọ́n bá ti ṣe é, ilé yẹn ni gbogbo ọjà yóò máa tọ́ka sí pé ilé Ìyá Aláṣọ, ìyá àgbà mi, nìyẹn. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ kì í kí ara wọn. Ó ti pẹ́. Bí mo bá dárúkọ ilé ọ̀kan, èkejì kò ní wá, yóò se tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọjọ́ kan náà, láti ọjọ́ yẹn lọ a ó sì di ẹbí méjì. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn mi nìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìrántí rẹ̀ jọ. Mò ń wá ibi tó ti sọ ọ́. Mo rò pé ó ní láti wà níbì kan.

Mò ń ṣe fọ́tòkópì níwájú yunifásítì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mo mọ̀ dáadáa, ìparí eré ni. Àwọn eré kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ti ń gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀. Wà á di jagunjagun tàbí arìnrìn-àjò, wà á máa bá àwọn ará ìlú inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, eré náà yóò sì kọ ìdáhùn bíi mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ pé kí o mú ọ̀kan. Ohun tí o bá ń mú ló ń pinnu bí ìtàn náà yóò ṣe parí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìparí rere wà, ìparí burúkú wà, ọ̀kan sì wà fún ẹni tó kọ̀ láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn láti máa tú wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn máa ń ṣe eré kan dópin, mo máa ń padà sẹ́yìn, mo máa ń mú ìdáhùn mìíràn, mo sì máa ń fi etí sílẹ̀ dáadáa.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ìparí aláàárín kì í ṣiṣẹ́. Mo sì ní ẹ̀rí. Orin rẹ̀ máa ń kúrú ju ti àwọn yòókù lọ. Àwòrán rẹ̀ máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò níbòmíràn nínú eré náà, wọn yóò kàn pa àwọ̀ rẹ̀ dà díẹ̀ kó lè dà bí ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará ìlú kì í ní ọ̀rọ̀ tuntun láti bá ọ sọ. Ó hàn gbangba pé àwọn tó ṣe eré náà gbà pé ẹni tó dúró sí àárín kò ṣe nǹkan kan, nítorí náà àwọn náà kò ṣe nǹkan kan fún un.

Ìyá àgbà mi ló da èrò yìí rú mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì tún un tò kó tó lọ.

Ràmátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Aláṣọ ni ọjà mọ̀, nítorí aṣọ ni òun àti bàbá àgbà mi tà títí bàbá àgbà fi kú. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ó sì máa ń fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ kí ó tó sọ orúkọ aṣọ náà, kódà bí ó bá jẹ́ aṣọ tí ìwọ wọ̀ sọ́rùn. Àwa ọmọ ọmọ, "ọkọ mi" ló ń pè wá, àtọkùnrin àtobìnrin, bí àwọn ìyàwó ilé àtijọ́ ti ń pe ọmọ ọkọ.

Bí oníbàárà bá dúró tí kò mọ èyí tí yóò mú nínú aṣọ méjì, ìyá àgbà á fi ọ̀kan lé e ní èjìká ọ̀tún, á fi èkejì lé e ní èjìká òsì, á wá kọjú sí ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin ẹ̀yà Dẹ́ńdì kan fẹ́ fi ìyẹn bá a jà.

"Ìyá Aláṣọ, sọ̀rọ̀ o. Èwo ló yẹ mí?"

"Mò ń wo ọ̀nà."

"Ìwọ lò ń tà á, o ò lè sọ èyí tó dára?"

"Méjèèjì ló dára. Ṣé màá ta èyí tí kò dára ni?"

"Hẹ̀n, nígbà náà mú ọ̀kan fún mi."

Ìyá àgbà yí ojú padà, ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bí mo bá mú un fún ẹ, èmi lo máa bú lọ́jọ́ tó bá ṣá."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n nìyẹn àbí ìbẹ̀rù.

Ẹ má sì rò pé onísùúrù ni. Àwọn tó ń sọ báyìí pé ó jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó ń jà. Ó bá adìẹ jà, ó bá ẹni tó ni adìẹ jà. Ó lè gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kékeré kó sì kú sórí rẹ̀: pé tíì gbọ́dọ̀ hó lẹ́ẹ̀mejì, pé iyán tí wọ́n fi ẹ̀rọ gún kì í ṣe iyán, pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ òsì ká aṣọ kò ní lówó láéláé. Aládùúgbò rẹ̀ kan máa ń dín wàrà tà lẹ́nu ọ̀nà, kì í sì í tètè da epo nù. Ìyá àgbà dúró níwájú agbada rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó bojú wo inú epo náà, ó mi orí.

"Epo yìí ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti bọ̀," ó ní. "Ó yẹ ká máa pè é ní Àlájì."

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ńlá dé tó sì dákẹ́, kì í ṣe pé kò ní ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ńlá náà ni bútíìkì ọjà, ilé ìtajà wa. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ọwọ́ ìyá àgbà ló fi bútíìkì náà sí. Bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí, ń ta aṣọ nínú rẹ̀. Bàbá Kékeré fẹ́ kí wọ́n máa ta fóònù. Ó ní aṣọ ti kú, kò sẹ́ni tó ń rán bùbá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, fóònù ni gbogbo ènìyàn ń rà. Bàbá mi ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun kí wọ́n wá gbé fóònù kọ́ ibi tí bàbá àwọn ti ta aṣọ. Kò sí àyè fún méjèèjì. Ẹnu bútíìkì náà kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú, wọ́n wá gbé e dé iwájú ìyá wọn, tó ń gbé nílé bàbá mi nígbà náà.

Bàbá Kékeré ní, "Ìyá, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ sọ ẹni tó jàre."

Bàbá mi ní, "Ẹ sọ ọ́, Ìyá. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ la máa gbà."

Irọ́ ni wọ́n ń pa, àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tí ì bá gbà. Ìyá àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kó di Jímọ̀.

Nígbà tó di Jímọ̀, kó tó di pé wọ́n kírun, ó ti pe ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ibùsùn rẹ̀ lé e, ó gbé bútà rẹ̀ lé e, ó gbé ẹní ìkírun, àpótí aṣọ àti ìkòkò rẹ̀ méjì lé e. Ó ti lọ gba yàrá sí àgbàlá obìnrin Ìbàrìbá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bíò, opó tó ń ta èédú, tí ilé rẹ̀ wà ní agbedeméjì Ladjifarani àti Titirou. Yàrá kan ṣoṣo. Ó ń san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú òwú àti abẹ́rẹ́ tó ń tà.

Ẹni tí kò bá mọ ìlú wa lè má mọ ohun tó ṣe. Ìyá tó bí ọkùnrin méjì, tí àwọn méjèèjì kọ́lé, tí àwọn méjèèjì wà láàyè, kì í háyà yàrá. Ohun tí wọ́n fi ń bú ènìyàn ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọjà ti gbọ́ ọ, wọ́n ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ náà fi ṣe ìyá wọn. Bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ náà, ọkùnrin ńlá pẹ̀lú fìlà lórí. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ fẹ́ dójú tì mí."

Ìyá àgbà ti jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní, "Ojú máa ti gbogbo wa, Múmíní. Ẹ jẹ́ kó tì wá lọ́gbọọgba."

Àgbàlá Ìyá Bíò ni mo ti mọ ìyá àgbà mi ní tòótọ́. Iná wọn kì í tètè lọ bíi tiwa, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ń gbé kọ̀ǹpútà mi lọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni, tí ìdérí rẹ̀ kò lè dúró bí kò bá fara ti nǹkan. Ìkòkò ìyá àgbà ló ń fara tì. Èmi á máa ṣe eré mi, òun á máa ka tẹ̀súbáà. Ní ọjọ́ kan tẹ̀súbáà dúró.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá àgbà."

"Ìwọ? Pẹ̀lú idà?"

"Èmi ni mò ń darí rẹ̀. Tí mo bá ní kó lọ, á lọ."

Ó sún mọ́ ọn. "Ó dára. Ó jẹun jù ẹ́ lọ."

Láti ìgbà yẹn, ó ń wò ó pẹ̀lú mi. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ inú eré náà, èmi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìlú méjì ló ń jà nítorí odò, ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀. Ìlú òkè fẹ́ dí odò náà kí wọ́n lè fi bomi rin oko. Ìlú ìsàlẹ̀ ní bí wọ́n bá dí i, ẹja àwọn yóò kú. Ní ìparí rẹ̀, eré náà bi wá pé ìlú wo ni a ó gbè. Ìdáhùn kẹta ni pé, "Mi ò ní mú ẹnikẹ́ni."

Ìyá àgbà ní, "Mú ìyẹn."

"Ìyá àgbà, kì í dára. Mo ti ṣe é rí. Ẹ jẹ́ ká gbè sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ja."

"Mú un ná."

Mo mú un. Jagunjagun mi rìn lọ sórí àpáta kan lẹ́bàá odò, ó jókòó, orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe eré náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyá àgbà dúró. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán."

"Ibẹ̀ ló máa wà? Lórí òkúta?"

"Mo sọ fún yín pé kì í dára."

"Odò ńkọ́?"

"Wọn ò sọ."

Inú bí i gidi gan-an, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe eré náà. Ó ká tẹ̀súbáà rẹ̀ sọ́wọ́. Ó ní, "Àwọn òkè ò lè fún un lóúnjẹ mọ́. Àwọn ìsàlẹ̀ ò lè fún un. Ó sì jókòó. Ẹni tó wà láàárín yìí, ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

Mo ti ka ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ìparí eré, ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ìyẹn.

Ó mọ ìdí tó fi béèrè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá fún un. Òun ló ní ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n máa gbé e wá, mo sì mọ̀ pé ó ń retí kí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò pàdé. Wọ́n ń rán ìyàwó. Ìyá mi á gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà wá, ìyàwó Bàbá Kékeré á gbé ọbẹ̀ ilá wá, àwọn méjèèjì á yínmú kí ara wọn, wọn á sì dúró láti wo abọ́ tí ìyá ọkọ wọn yóò kọ́kọ́ ṣí. Ní Jímọ̀ kan, ó ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó da ọbẹ̀ ilá sínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó fi ṣíbí rò ó, ó gbé e ka àárín, ó ní kí gbogbo wa bọ́ sí i.

Ìyàwó Bàbá Kékeré ní, "Háà, Ìyá! Èwo wá ni tèmi níbẹ̀?"

"Wá a," ni ìyá àgbà wí.

Mo jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó ń fà bí ilá, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun bí ẹ̀pà. Ìyá àgbà bu òkèlè kan, ó gbé e mì pẹ̀lú ipá, ojú rẹ̀ sì yí padà. Nígbà tí àwọn ìyàwó ti lọ, ó ní kí n gbé abọ́ náà fún ajá Ìyá Bíò, ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ibòmíràn.

"Mo ti rí i báyìí," ó ní. "Àárín kì í ṣe àdàlù, ọkọ mi."

Ṣùgbọ́n kí wá ni àárín? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi nìyí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ apá tó korò níbẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kó jáde, tó kọ̀ láti sọ ẹni tó jàre, aṣọ bàbá mi ti wà nínú bútíìkì náà tẹ́lẹ̀. Ó kàn wà níbẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó gbé e jáde. Bàbá Kékeré ló lọ ń ta fóònù lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọ̀nà, nínú eruku ọyẹ́ àti nínú òjò. Ó wá sí àgbàlá náà ní ọ̀sán kan, mo wà níbẹ̀, eruku ti bo irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ní ẹ ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

"Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, Sálíù."

"Ta ló wà nínú bútíìkì?"

Ìyá àgbà na bútà omi sí i, kò gbà á.

"Bí ènìyàn méjì bá ń fa okùn, tí ọ̀kan ti di igi mú, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbè é. Ẹ lè háyà yàrá títí dé ẹnubodè Màlànvílè. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi lẹ wà."

Bàbá mi lọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Mo mọ ohun tó ń sọ láti inú eré. Ìdáhùn kẹta kì í fi ayé sílẹ̀ láìsí olúwa. Ó ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ti dì í mú. Mo rò pé ìyá àgbà yóò fi ẹnu rẹ̀ gé e bó ṣe gé oníwàrà. Ó ní, "Mo gbọ́, Sálíù," ó sì sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó jókòó, ó gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Mi ò kàn mọ ohun tí màá fi òótọ́ náà ṣe ni."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá eré mìíràn fún un. Mo wá a kiri, mo fẹ́ fi hàn án pé ó ṣeé ṣe. Nínú èyí, ìdílé méjì ló ń du ìtẹ́, ọ̀nà kẹta sì jẹ́ ọ̀nà gidi. Bí o bá kọ̀ láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìdílé méjèèjì yóò ti ilẹ̀kùn ọjà wọn mọ́ ọ. O ò ní rí oògùn rà, o ò ní rí idà pọ́n. O ní láti máa bá àwọn atukọ̀ rìn lórí omi, kí o máa gbé òkú ìdílé méjèèjì lọ sílé fún wọn. Ó nira ju ọ̀nà méjì yòókù lọ. Àwọn atukọ̀ náà sì máa ń fún ọ ní ẹja. Wọ́n ya ẹja náà dáadáa, ó ń yọ èéfín.

Ìyá àgbà na ọwọ́ sí i. "Wò ó. Àwọn wọ̀nyí gbọ́n. Wọ́n fún un lóúnjẹ."

A ṣe eré yẹn fún ọjọ́ púpọ̀. Ara rẹ̀ ti ń ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ nígbà náà. Nígbà tí a dé ìpinnu tó kẹ́yìn, pé ta ni kí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sórí ìtẹ́, mo túmọ̀ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, mo gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, mò ń dúró. Ó sùn díẹ̀. Ó jí. Ó tún ní kí n ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kà á.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná," ó ní. "Ẹni tó dúró sí oríta kò tíì ṣìnà."

Mo fi eré náà pamọ́ síbẹ̀. A ò padà sí i. Òjò bẹ̀rẹ̀, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Ọlọ́run sì gbà á.

Nítorí náà, nígbà tí lemọ́ọ̀mù pe bàbá mi àti Bàbá Kékeré sílé rẹ̀, tó sì ní kí èmi náà wá, gbogbo ohun tí mo ní lọ́wọ́ ni ìwọ̀nyí. Bàbá mi jókòó sí apá kan, àbúrò rẹ̀ jókòó sí apá kejì, àwọn méjèèjì ń wo lemọ́ọ̀mù. Lemọ́ọ̀mù bi mí léèrè ohun tí olóògbé sọ.

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan fún mi, Àlùfáà."

Mo rò pé ìdáhùn tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nìyẹn. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni àgbà. Nígbà tí kò ti sọ nǹkan kan, ilé mi ni."

Bàbá Kékeré ti dìde. "Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí. Èmi náà á se tèmi ní Titirou, ní wákàtí kan náà. Kí àwọn ènìyàn wá mú ọ̀kan."

Mo rí bútíìkì náà lójú mi, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ní, "Ẹ dúró."

Wọ́n wò mí.

"Kò sọ ilé tó fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní àgbàlá Ìyá Bíò."

"Ilé háyà?" Bàbá mi kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Kí gbogbo ìlú tún wá jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa rántí?"

"Nàfí fẹ́ fi wá ṣẹ̀sín ni," ni Bàbá Kékeré wí. "Mo rò pé o mọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ò ń wo agboòrùn mi lójoojúmọ́."

"Mò ń wò ó, Bàbá Kékeré."

"Síbẹ̀síbẹ̀?"

Lemọ́ọ̀mù fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, "Obìnrin tó ni ilé náà, ṣé ó gbà?"

Mi ò tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sáré lọ béèrè. Ìyá Bíò ń kó èédú sínú àpò, ó tẹ́tí sí mi dópin, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ máa ń ní ìdádúró bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Ó ní, "Ilé mi kéré. Ṣùgbọ́n ó gba ìyá rẹ àgbà."

Wọ́n wá. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n wá, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé wọn kò ní wá. Lemọ́ọ̀mù ló sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá wá, òun kò ní lọ sílé ẹni náà láti tún àdúà kan ṣe. Bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, Bàbá Kékeré jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èédú, aṣọ funfun rẹ̀ dúdú lẹ́yìn. Àgbàlá náà kéré débi pé eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, síbẹ̀ wọn kò kí ara wọn. A ka Kùránì. A ṣe àdúà. Wọ́n ṣe "àmín" papọ̀, n kò sì lè sọ bóyá ìyẹn jẹ́ nǹkan kan, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é papọ̀.

Oúnjẹ jáde. Ìyá mi pín ọbẹ̀ ẹ̀pà fún àwọn tiwa. Ìyàwó Bàbá Kékeré pín ọbẹ̀ ilá fún àwọn tiwọn. Abọ́ ń kọjá lọ níwájú mi. Bàbá mi kò wò mí. Ìyá mi wò mí, ó wo bàbá mi, ó gbé abọ́ náà lọ fún ẹlòmíràn. Bàbá Kékeré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti lọ, oníkálukú pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀.

Mo gbálẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá àgbà, níbi tó máa ń jókòó sí, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fi í ti ìkòkò rẹ̀. Eré náà wà níbi tí a fi í sí, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nísàlẹ̀. Mo mọ ohun tí mo lè kọ nípa wọn. Mo lè sọ pé ìparí aláàárín ń ṣiṣẹ́ bó bá ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti ìyà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agboòrùn Bàbá Kékeré ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bútíìkì ṣì wà lọ́wọ́ bàbá mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo pa ẹbí wa mọ́ papọ̀ ni, àbí mo kàn wá ibi tí àwọn méjèèjì ti lè bínú sí mi.

Ìyá Bíò jáde láti ibi ìdáná pẹ̀lú abọ́ kan. Iyán ni, tí ó gún fúnra rẹ̀, àti ọbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀pà, tí kì í ṣe ti ilá.

Mo ní, "Ìyá, wọ́n se oúnjẹ púpọ̀ lónìí."

"Mo rí i. Mo rí ibi tó dé, mo rí ibi tí kò dé." Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀. "Ìyá rẹ àgbà náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé tirẹ̀ wá. O rò pé kí ló ń jẹ láwọn ọjọ́ yòókù?"

Mo wò ó. Ó ti yí padà, ó ń lọ sídìí èédú rẹ̀.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo fọ ọwọ́, mo sì bu òkèlè.